Imú Nímọ́tà Oníbàbá-Dúdú

Bí àlejò bá béèrè bàbá dúdú tó dáńtọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ilé Nímọ́tà ní Odò-Ọjà ni wọn yóò júwe fún un. Àgbọn tútù ni obìnrin náà máa ń rin, yóò fún omi rẹ̀, yóò da ṣúgà sí i, yóò sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi dúdú, tí yóò fi ki mọ́ ọmọrogùn. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Ìyá yẹn kì í wo aago, kì í sì í lo òṣùwọ̀n. Imú ni ó ń lò. “Tó bá ń run bí àgbọn, kò tí ì jinná,” ni ó máa ń wí. “Tó bá ń run bí ṣúgà, ní sùúrù. Ìgbà tí o kò bá mọ èwo ni àgbọn, èwo ni ṣúgà mọ́, sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá.”

Ọgbọ̀n ọdún ni Nímọ́tà fi tẹ̀lé imú rẹ̀, imú náà kò sì ṣì í lọ́nà rí. Àfi ìgbà tí Iléyá ọdún kan kọjá, tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bóyá Kòrónà ni, bóyá ibà lásán ni, kò lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó lo oògùn, ara rẹ̀ yá. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu, àfi bí ẹni pé omi gbígbóná lásán ni ó ń mu. Ó gé àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ ń da omi, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì, ó fi imú lé e lẹ́nu, ó fà á sínú gidigidi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó rò pé yóò kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, oṣù kan lọ, ọdún kan lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń gbé ọbẹ̀ wá fún pé kó bá wọn tọ́ ọ wò, báwo ni yóò ṣe máa sọ ọ́ kiri pé ẹnu òun ti kú? Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú sè é, ó ń wo àwọ̀ rẹ̀. Ó ń fi etí sè é, ó ń gbọ́ bó ṣe ń hó. Ìgbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i, ìgbà mìíràn kì í bọ́ sí i.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yọ síta ni ọjọ́ àṣekágbá ọdún ní ilé-ìwé tí Tíṣà Beatrice ti ń kọ́ni. Beatrice yìí ni aládùúgbò rẹ̀, ilé wọn kọjú síra, wọ́n sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní omidan. Ó ti ní kí Nímọ́tà sè bàbá dúdú abọ́ ńlá kan fún àwọn ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé ìdajì abọ́ náà padà wá.

“Ìyá Sùmáyà, kí ló ṣe eléyìí? Ó korò bí ewúro. Àwọn ọmọ ń tu ú dànù káàkiri pápá.”

Nímọ́tà wo abọ́ náà. Kò mọ ìgbà tí irọ́ jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ọmọ yìí ni mo fi ti ìkòkò, Tíṣà. Fóònù ló ń tẹ̀ tó fi jóná.”

Sùmáyà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà nígbà náà, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó kàn wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sún mọ́ ìdí iná ìyá rẹ̀ mọ́. Nímọ́tà rí i, ó sì dùn ún ju bàbá dúdú tó jóná lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ sọ òótọ́, ìtìjú a tún fà á sẹ́yìn.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí Ṣẹ̀rífù dé.

Ṣẹ̀rífù ni àbúrò Nímọ́tà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kúùkù ni nínú ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù káàkiri ayé. Ọdún mẹ́fà ni kò fi wálé. Ìyá wọn kú nínú ọdún kẹta, kò wá síbi ìsìnkú. Nímọ́tà pè é lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ó ní, “Ọkọ̀ ni yèyé rẹ báyìí, àbí? Ó dáa. Dúró sọ́dọ̀ rẹ̀.” Látìgbà náà, owó ni Ṣẹ̀rífù ń fi ránṣẹ́, kì í fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó yọ lójijì, eruku bo bàtà rẹ̀, irun funfun díẹ̀ ti yọ lórí rẹ̀, ó gbé báàgì kan kọ́ èjìká. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nímọ́tà gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Wọ inú ulé, oúnjẹ wà.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti lọ ṣe àdúà lórí sàréè ìyá wọn, ó pe gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Nímọ́tà, Sùmáyà àti Beatrice tó yà wá kí i káàbọ̀. Ó tú báàgì náà. Agolo pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀.

“Láti èbúté kan sí èkejì ni mo ti ń kó wọn jọ,” ló wí. “Èyí wá láti Faransé. Ẹ wò ó bó ṣe funfun tó sì le bí òkúta. Tí ẹ bá lá a títí dé inú, ẹ máa bá hóró kan níbẹ̀, aníìsì ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ń dán yìí, Ítálì ni. Gbòǹgbò igi kan ni wọ́n ń sè títí tó fi dúdú. Líkórísì lorúkọ igi náà, adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ fíìfíì. Èyí tó rí bí bọ́tìnnì dúdú, àwọn ará Họ́láńdì ló ni ín. Tíṣà, ẹ gba ọ̀kan.”

Beatrice jù ú sẹ́nu. Ó ń lá a lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ là. Ó dìde, ó sáré dé etí gọ́tà, ó tu ú dànù, ó sì tún tu itọ́ sí i.

“Ṣẹ̀rífù! Kí ni mo fi ṣe ọ́?”

Sùmáyà rẹ́rìn-ín, ó fi tirẹ̀ sẹ́nu, ojú ẹsẹ̀ ló tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. “Yéè! Bọ̀dá, irú súìtì wo nìyí?”

Nímọ́tà kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ti gbójú sí ibòmíràn nígbà tí Beatrice sáré jáde, ó rò pé ẹ̀fọn ló kó sí i lọ́fun. Ó ń jẹ tirẹ̀ lẹ́nu jẹ́jẹ́. “Ó mà dùn o,” ló wí, ó sì tún na ọwọ́ mú òmíràn.

Beatrice àti Sùmáyà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ṣẹ̀rífù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ló ti ń dáná fún ènìyàn, ó mọ ojú ẹni tó ń jẹun láìgbádùn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tọ́ wò nínú súìtì yẹn?”

“Adùn.”

“Uyọ̀ ni. Uyọ̀ burúkú kan tó ń gun ènìyàn lọ́pọlọ. Ọdún méjì gbáko ló gbà mí kí n tó lè gbé ọ̀kan mì.” Ó gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Láti ìgbà wo?”

Nímọ́tà ń fọ abọ́ kan náà lọ, ó ń fọ̀ ọ́, abọ́ tó ti mọ́ tipẹ́. Nígbà tó yá ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ibà náà, kẹrosíìnì náà, abọ́ ilé-ìwé àti irọ́ tó pa mọ́ ọmọ rẹ̀. “Uṣẹ́ Yèyé ló kú sí mi lọ́wọ́,” ló wí. “Mo ń ta ohun tí mi ò mọ̀.”

Ṣẹ̀rífù kò sọ pé kó má sunkún. Ó fa àpótí kejì, ó jókòó tì í.

“Èmi náà ní tèmi. Ọjọ́ tí ẹ pè mí pé Yèyé ti lọ, ọkọ̀ wa wà ní èbúté Ìsímírì, ní Tọ́kì. Mo bẹ ọ̀gá ọkọ̀, ó ní kò sí ẹni tí yóò rọ́pò mi. Ará Tọ́kì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí bí mo ṣe rí, ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan létí òkun. Ó bu ohun kan sí ife, ó mọ́ gaara bí omi. Ó wá da omi sí i, gbogbo rẹ̀ sì di funfun bí omi ògì. Ó ní wàrà kìnnìún ni àwọn ń pè é. Mo mọ̀ pé ọtí ni. Mo ti tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ni òórùn aníìsì inú rẹ̀ bá bọ́ sí mi numú.” Ó yíjú sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn àgbo ikọ́ Yèyé ni. Bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn mi. Mo gbé e, mo sì mu ún, nítorí mo fẹ́ kí òórùn yẹn wọ inú mi. Mi ò mu ún mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè wálé. Bí mo bá ti fẹ́ wá, mo máa ń rò ó pé ẹ máa gbọ́ òórùn rẹ̀ lára mi.”

Nímọ́tà wò ó, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. “Lára rẹ? Èmi tí mi ò gbọ́ òórùn kẹrosíìnì?”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ṣẹ̀rífù fi di ìhà mú.

“Ọlọ́run ni Aláforíjì,” Nímọ́tà wí, nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀. “Èmi ni kí o dárí jì. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù yẹn kò dáa.”

“Ó ti tán, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó wá sọ fún un nípa igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ wọn, ará Gíríìsì, tí imú tirẹ̀ náà kú lẹ́yìn àìsàn. Dókítà kan ló ní kó máa gbọ́ òórùn nǹkan mẹ́rin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ojoojúmọ́, kó sì máa rántí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń run tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é, imú náà sì jí. Ṣẹ̀rífù kò ṣèlérí pé ti Nímọ́tà yóò jí. Ó ní, “Kì í jí fún gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú.” Ó wá ìgò kékeré mẹ́rin, ó di hóró aníìsì sí ọ̀kan, kànáfùrù sí èkejì, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹ̀kẹta, atalẹ̀ sí ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn ìrun Sùbúhì àti lẹ́yìn ìrun Àsárì, Nímọ́tà yóò ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí àbúrò rẹ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ti pe Sùmáyà jókòó, ó jẹ́wọ́ fún un.

“Mo ti mọ̀, Màámi,” ọmọ náà wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń bu uyọ̀ sọ́bẹ̀ láti ọdún tó kọjá.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ẹ̀yin náà ò sọ.”

Nímọ́tà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ níwájú Tíṣà. Mo ti lọ bá a láàárọ̀ yìí, mo sì ti tú u palẹ̀. Má bínú.” Lọ́jọ́ kejì tí ìyá rẹ̀ gbé àgbọn kaná, Sùmáyà wá dúró tì í, ó ní, “Ẹ sọ ohun tí mo máa gbọ́ fún mi, èmi á máa sọ ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ.” Báyìí ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí sè é, ọwọ́ jẹ́ ti ìyá, imú jẹ́ ti ọmọ.

Oṣù kìíní, kò sí nǹkan kan nínú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oṣù kejì, ẹ̀kẹta, bákan náà. Nínú oṣù kẹrin, ó ń fún omi àgbọn lọ́wọ́ nígbà tí òórùn kan lù ú nímú bí ìgbà tí táyà bá ń jó. Ó sáré wo ìta, kò sí iná. Àgbọn ló ń run bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọṣẹ ń run bí táyà, ẹyin ń run bí táyà, kò lè jẹun dáadáa mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rù. Ó pe Ṣẹ̀rífù pé òun yóò da àwọn ìgò náà nù.

“Ẹ má dà á nù!” Ṣẹ̀rífù pariwo láti ojú òkun, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. “Bó ṣe ṣe ará Gíríìsì yẹn náà nìyẹn. Imú yín ti jí, kò kàn tí ì dá nǹkan mọ̀ ni!”

Kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò da àwọn ìgò náà nù.

Ọjọ́ Sátidé kan ló jókòó pẹ̀lú Beatrice lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Òbúkọ kan gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Nímọ́tà gbé orí sókè. Ó fa imú, ó tún fà á.

“Tíṣà, òbúkọ yìí ń rùn!”

“Òbúkọ wo ni kì í rùn?”

“Ó ń rùn bí òbúkọ!” Ó ti dìde, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀ káàkiri, ó ń tẹ̀lé ẹran náà lọ lẹ́bàá ọgbà, ó ń fa imú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló yé Beatrice. Òun náà dìde, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì dúró sẹ́yìn òbúkọ ẹlòmíràn, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ rò pé wọ́n ti ya wèrè.

Nínú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti aníìsì ló kọ́kọ́ padà. Ó wá díẹ̀díẹ̀, ó tutù, ó sì dùn. Ìgbà tí Nímọ́tà mọ̀ ọ́n dájú, hóró inú ìgò ti gbẹ tán, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà. Ó wá rántí ohun tí Ṣẹ̀rífù sọ nípa àgbo ikọ́ ìyá wọn. Ó mọ ohun tí ìyá náà máa ń sè. Efinrin wẹ́wẹ́ ni, àti ewé ojú ológbò.

Ó mú Sùmáyà lọ sí etí igbó lẹ́yìn ilé, níbi tí ojú ológbò ti ń fà mọ́ ọgbà. “Ṣé o rí èso pupa olójú dúdú yìí? Májèlé ni, ó ń pa ènìyàn. Má fi sẹ́nu láéláé, má sì jẹ́ kó bá ewé wọlé. Ewé nìkan ni Yèyé ń lò.” Ó já ewé kan, ó fọ̀ ọ́, ó jẹ ẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ ó dà bí koríko lásán. Lẹ́yìn náà, adùn kan jí lẹ́yìn ahọ́n rẹ̀, ó rọra gòkè, kò sì lọ bọ̀rọ̀. Sùmáyà náà jẹ tirẹ̀.

“Màámi, ó jọ súìtì dúdú tí Bọ̀dá mú wá láti Ítálì!”

Wọ́n gba efinrin wẹ́wẹ́ nínú ọgbà Beatrice, wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ewé náà, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n da omi rẹ̀ sínú omi àgbọn. Ti àkọ́kọ́ kọ̀, kò dì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dì, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni ń jẹ koríko. Nímọ́tà dín ewé kù, ó jẹ́ kí ṣúgà pọ́n díẹ̀ sí i kó tó da omi efinrin sí i. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gé e, ó gbé ọ̀kan fún Beatrice.

Beatrice fa ọwọ́ sẹ́yìn. “Ta ló ṣe é, ìwọ tàbí Ṣẹ̀rífù?”

“Èmi ni.”

Ó tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n fún òun ní méjì sí i.

Ọjọ́ ọjà, wọ́n gbé e lọ sí Èmùré, nítorí Nímọ́tà ń tijú láti kọ́kọ́ tà á ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ ẹ. Obìnrin kan ní ó ń run bí oògùn. Ọkùnrin kan dá tirẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ àgbàlagbà kan, Bàbá Olúwaṣògo, jẹ ẹyọ kan ní páàkì, ó ní, “Ìyá mi àgbà máa ń fún mi ní nǹkan báyìí tí ọ̀fun bá ń dùn mí,” ó sì ra ìdajì abọ́, ó pín in fún àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ tó ń lọ sí Àgbàdo. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn èrò náà ló wá béèrè rẹ̀.

Imú Nímọ́tà kò tí ì padà tán. Títí di báyìí kò gbọ́ òórùn òdòdó, ẹyin sì ń ṣe é bákan nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ń sè bàbá dúdú méjì, ti àtijọ́ àti eléwé, Sùmáyà sì ti ń dá sè é nígbà tí kò bá sí níbi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n di agolo kan fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan tó ń lọ bá Ṣẹ̀rífù láti Àpápá. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ohùn tí ó gbà sílẹ̀ wọlé lórí fóònù. Nímọ́tà pe Sùmáyà àti Beatrice kí wọ́n wá gbọ́ ọ. Ariwo ọkùnrin ló kún inú rẹ̀, oríṣiríṣi èdè. “Ẹ gbọ́ wọn,” Ṣẹ̀rífù ń wí. “Ará Tọ́kì ní nǹkan ìlú òun ni. Ará Gíríìsì ní irọ́ ni, abúlé àwọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n fẹ́ẹ̀ jà. Mo ní Ìkẹ́rẹ́ ló ti wá, uṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ pè é kó gbọ́!”

Ohùn bí i márùn-ún pariwo pọ̀, “Ìkírí! Íkẹrẹ! Kẹ́rẹ́!”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n pè,” Sùmáyà wí.

Nímọ́tà gbé fóònù náà súnmọ́ etí. “Jẹ́ kí wọ́n pè é bí wọ́n ṣe fẹ́,” ló wí, ó sì tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.